Èmi Ni Mo Kan Ẹsẹ̀ Àbúrò Mi Mọ́ Àbà

Ẹ má kí mi kú ọ̀fọ̀, kò sí ẹni tó kú. Àbúrò mi tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà láàyè, ó ń jẹun, ó ń sùn, ilé mẹ́fà péré ló sì wà láàrin ilé rẹ̀ àti tèmi ní àdúgbò Ladjifarani níbí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe fún un kì í jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Parakou ló mọ̀ pé Felísì, àbúrò mi, ya wèrè nígbà kan. Irọ́ ni. Kò ya wèrè rí. Èmi ni mo sọ pé ó ya wèrè, èmi ni mo mú un lọ sí ilé oníṣègùn, èmi ni mo fá orí rẹ̀, èmi náà ni mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Àwọn tó yẹ kí n jẹ́wọ́ fún ti kú tán, ó ku ẹ̀yin tí n kò mọ̀. Ẹ jókòó. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́kọ́ bú mi, ẹ bú mi, mo ti bú ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ará Ṣábẹ̀ ni wá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí bàbá wa kó wa wá sí Parakou, Felísì ṣì wà lẹ́yìn ìyá wa. Nígbà tó yá, bàbá wa ní ẹnì kan ṣoṣo ni òun lè rán lọ sí lẹ́kọ́ọ̀lù, ilé ìwé òyìnbó. Ó rán Felísì, ó sì fi èmi sẹ́nu iṣẹ́ ìgẹrun. Felísì gba sẹ̀tífíkà, ó di akọ̀wé ní màgásíìnì kan nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Èmi pa àgọ́ sí abẹ́ igi dọ́ńgóyárò ní àdúgbò Albarika, mo gbé bẹ́ǹṣì kan síbẹ̀, mo fi dígí kọ́ ara igi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gẹ orí fún ènìyàn. N kò mọ á yàtọ̀ sí b. Mo tilẹ̀ máa ń fi yangàn! Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé ìwé ló ń ba ojú jẹ́, pé ẹni tí kò mọ̀wé ló mọ ènìyàn. Ẹ wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ìjọba ológun tó pe ara rẹ̀ ní Ìyípadà dé, gbogbo wa di kámárádì. Alájì di kámárádì, olùkọ́ kátíkísìmù di kámárádì, ó ku díẹ̀ kí àwọn ewúrẹ́ Albarika náà di kámárádì. Wọ́n fi Délégé kan ṣe olórí àdúgbò wa, ọkùnrin tó ti ń kiri bẹ́líìtì àti jígí ojú lánàá tí ohùn rẹ̀ wá nípọn lójijì. Láti òwúrọ̀ ni rádíò ti ń pariwo pé ọ̀tá ń bẹ níta, ọ̀tá ń bẹ nílé, kí olúkúlùkù la ojú rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n ní àwọn àjẹ́ náà wà lára ọ̀tá. Ẹ gbọ́ nǹkan! Ìjọba tó ní kí a má fi ti Ọlọ́run dí òun lọ́wọ́, òun náà ló wá ń sá fún arúgbó obìnrin tó ń di ẹyẹ. Kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Lórí bẹ́ǹṣì mi ni gbogbo irọ́ Parakou ti ń bọ́ sílẹ̀ pọ̀ mọ́ irun, èmi ni mò ń gbá wọn lọ nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ máa ń wọ̀ mí létí kí n tó gbé ìgbálẹ̀.

Kí n má parọ́, Felísì náà ní tirẹ̀. Bí ó bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó máa ń yà lọ́dọ̀ mi, á ní òun rò pé rádíò tí wọ́n pín fún àwọn Délégé ń gbọ́ ohun tí a bá sọ níwájú rẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn ó ní ó jọ pé wọ́n ń po oògùn mọ́ omi pọ́mpù, nítorí òun kò mọ ìdí tí àgbàlagbà ṣe ń pàtẹ́wọ́ nípàdé fún ohun tí kò yé e. Mo ní kí ó lọ sùn. Ó fi pọ́mpù sílẹ̀, ó ń mu omi kànga fún oṣù kan gbáko. Ní ọjọ́ tí oṣù náà pé, ó wá bá mi, ó ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, mo ṣì pàtẹ́wọ́ lánàá. Kì í ṣe omi. Ìbẹ̀rù ni.” Láti ọjọ́ náà ló ti padà sí omi pọ́mpù. Èmi kò ka èyí sí nǹkan kan nígbà náà. Ohun tí mo mú lọ́wọ́ ni pé àbúrò mi sọ pé oògùn wà nínú omi. Pé ó dán an wò, pé ó rí i pé òun ṣìnà, pé ó sì sọ ọ́ jáde, gbogbo ìyẹn gba etí mi kejì jáde.

Ọyẹ́ ọdún yẹn le. Yínrùnyínrùn dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọmọdé: ara á gbóná, ọrùn á gan, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta tó ṣú, a ti ń gbẹ́ ilẹ̀. Ọmọ márùn-ún lọ ní àdúgbò wa. Ẹ̀gbẹ́ títì tí àwọn ọkọ̀ ẹrù ń gbà lọ sókè ni Ìyá Kétu ń gbé, arúgbó tí kò ní ọmọ kankan ní Parakou, òun nìkan nínú ọgbà ńlá tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Igi máńgòrò kan wà nínú ọgbà náà, òwìwí sì máa ń ké lórí rẹ̀. Ó ti ń ké níbẹ̀ kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá ti ní òwe sílẹ̀ fún ẹni tí kò fẹ́ ronú: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Mo kórìíra òwe yìí. Bí ẹnì kan bá tún pa á lójú mi, mo máa ń bi í léèrè pé àkùkọ tó kọ láàárọ̀ ńkọ́, ṣé òun ló mú oòrùn là?

Nígbà náà ṣá, èmi náà ń mi orí ni. Múmúnì tó ń ta táyà ni oníbàárà mi tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ní: “Onígẹrun, ṣé ìwọ kò gbọ́ òwìwí Ìyá Kétu ni? Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ké. Ọmọ mẹ́ta ló kú lọ́sẹ̀ yìí.” Felísì tó jókòó sí ìdí igi dá a lóhùn: “Bùọ̀dá Múmúnì, ó ké lẹ́ẹ̀mẹwàá ní ọjọ́ tí ẹ gbéyàwó kẹta. Ta ló kú?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Múmúnì náà rẹ́rìn-ín. Bí àwọn ènìyàn wa ti rí nìyẹn. Wọn á rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání, wọn á dìde, wọn á sì lọ gba ti òwìwí gbọ́.

Ọjọ́ tó ba gbogbo nǹkan jẹ́ jẹ́ ọjọ́ Sátidé. Délégé fúnra rẹ̀ ló wà lórí bẹ́ǹṣì, ọṣẹ wà ní àgbọ̀n rẹ̀, abẹ wà lọ́wọ́ mi. Ó ń sọ fún àwọn tó ń retí pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àdúgbò yóò jókòó lé ọ̀rọ̀ Ìyá Kétu. Felísì bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bèèrè ọ̀nà: “Délégé, bí ìyá bá lọ tán, ta ni yóò ni ọgbà rẹ̀?” Mo rí ọ̀fun Délégé tó gbé itọ́ mì lábẹ́ abẹ mi. Mo jágbe mọ́ Felísì pé kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, pé ìwé tó kà ti dojú rẹ̀ rú. Ó wò mí, ó wo abala ìwé ìròyìn tí mo ń fi nu ọṣẹ àti irun kúrò lára abẹ, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ìwé ń bẹ lọ́wọ́ yín náà. Irun ni ẹ ń kà nínú rẹ̀.” Àgọ́ bú sẹ́rìn-ín. Délégé rẹ́rìn-ín títí ọṣẹ fi kán sí i láyà. Múmúnì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Àwọn tí mo ti ń gẹ orí fún láti ìgbà tí wọn kò tíì nírùngbọ̀n, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mi. Èmi náà ṣe bí ẹni ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò kúrò lọ́fun mi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, Délégé ránṣẹ́ pè mí. Kò bínú rárá. Ó fún mi ní àga, ó ní: “Kámárádì, ọ̀rọ̀ méjì ló wà nílẹ̀. Àbúrò rẹ ń ba orúkọ Ìyípadà jẹ́ ní gbangba. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tá, mo ní láti kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sókè, ẹ kò sì ní rí i mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ aláìsàn ńkọ́? Ẹbí ló ni aláìsàn. Èwo ni?” Mo ní: “Aláìsàn ni. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní oògùn wà nínú omi pọ́mpù, ó ní rádíò yín ń gbọ́ wa.” Délégé mi orí, ó ní, “Ó ṣe o. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé mo ṣe é láti yọ ọ́ lẹ́nu ẹ̀wọ̀n ni. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mo sọ ọ́ fún fadá, ọ̀pọ̀ sì yìn mí pé mo gbọ́n bí ejò. Ẹ gbọ́ òtítọ́ lónìí. Ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo la ẹnu pe “aláìsàn ni,” inú mi dùn. Ó dùn mọ́ mi bí oyin. Mo rò ó nínú mi pé: jẹ́ kí a wo ìwé tí yóò kà fún wọn lọ́hùn-ún.

Oníṣègùn náà jẹ́ ará Ìdàáṣà, ó ń gbé ní ọ̀nà oko lẹ́yìn Albarika. Mo sọ fún Felísì pé ìbátan wa kan ń ṣàìsàn níbẹ̀, kí a lọ kí i. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó wọ bàtà, ó sì tẹ̀ lé mi. Ẹni tó fura sí omi, tó fura sí rádíò, tó fura sí Délégé, kò fura sí mi. Òfin ilé náà ni pé ẹni tó bá mú aláìsàn wá ni yóò fá orí rẹ̀, òun ni yóò kan ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ àbà, òun nìkan náà ni yóò sì tú u lọ́jọ́ tí ó bá yá. Igi ńlá tí wọ́n lu ihò sí láàrin ni àbà: ẹsẹ̀ kan á wọ inú ihò, irin á gba òkè rẹ̀ kọjá. Ọkùnrin mẹ́ta ló dì í mú. Èmi ni mo mú abẹ. Kò jà nígbà tí mo ń fá a. Ó kàn ń wo ojú mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà?” Mo ní kí ó tẹ orí rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa kí abẹ má baà gé e.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ara aláìsàn ti yá níbẹ̀. Lóṣooṣù ni oníṣègùn máa ń bi olúkúlùkù ní ìbéèrè. Ti Felísì ni pé: “Ta ló pa àwọn ọmọ Albarika?” Bí ó bá ní Ìyá Kétu ni, orí rẹ̀ ti pé nìyẹn, kí wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Felísì á ní: “Yínrùnyínrùn ni.” Oníṣègùn á mi orí tìyanutìyanu, á ní kí wọ́n tún fún un ní àgbo, kí wọ́n sì nà án díẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ènìyàn di ẹyẹ ni orí rẹ̀ pé! Ẹni tó bá sọ pé àìsàn ló pa aláìsàn, wèrè ni! Èmi sì gbọ́ èyí lẹ́nu oníṣègùn, mo wá sílé, mo sì jẹun.

Kí oṣù yẹn tó parí, àdúgbò lé Ìyá Kétu lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọrin tẹ̀ lé e títí dé òpin ilé, ó ru igbá kan àti ẹní kan, ó dojú kọ gúúsù. N kò mọ̀ bóyá ó dé Kétu. Kí òjò tó rọ̀, Délégé ti ń da bíríkì sínú ọgbà náà. Ó gé máńgòrò lulẹ̀, ó kọ́ ilé ọtí síbẹ̀, ó kun ojú rẹ̀ ní pupa nítorí Ìyípadà. Ọyẹ́ tún dé. Kò sí ìyá, kò sí igi, kò sí òwìwí. Ọmọ mẹ́rin tún kú, ọrùn wọn gan bí ti èṣí. Mo ń gẹ orí Múmúnì, mo ní, “Ta ló pa ti ọ̀tẹ̀ yìí?” Ó dáhùn láìmí: “Òun kọ́? Ó ń ti Kétu fò wá ni.” Mo ní ọ̀nà jìn. Ó ní, “Onígẹrun, àjẹ́ ò mọ ọ̀nà jíjìn.” Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni ọkọ̀ àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ dé, wọ́n gún gbogbo ọmọdé lápá, ikú sì dáwọ́ dúró. Ǹjẹ́ ẹnì kan sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí a lọ bẹ Ìyá Kétu”? Rárá o. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ náà ló ń lé àjẹ́.

Mo dúró pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, mo wo Múmúnì, mo wo ilé pupa, mo sì mọ̀. Láti ọjọ́ náà gan-an ni mo ti mọ̀. Ọdún kan péré ni Felísì lò kí n tó mọ̀. Ọdún méjì tó kù, èmi ni mo fi kún un, ojú mi là kedere.

Kí ló dé tí n kò lọ? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Bí mo bá lọ tú u, mo ní láti sọ pé kì í ṣe wèrè. Wọn á bi mí pé, bí òun kì í bá ṣe wèrè, ta wá ni? Ìyàwó mi ń gbé oúnjẹ lọ fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á padà dé, á kúnlẹ̀ níwájú mi: “Bàbá Rósà, ẹ dákun, ẹ lọ tú ọmọ ìyá yín.” Mo ní kí ó gbé ọbẹ̀ wá. Àgídí, ẹ̀yin ènìyàn mi, àìsàn ni, kò sì sí ẹni tó ń kan ẹsẹ̀ alágídí mọ́ àbà.

Nínú àwọn ọdún yẹn ni mo kọ́ ìwé kíkà. N kò lọ sí kíláàsì ìjọba, n kò lè bá àwọn ọmọdé jókòó. Mo ra ìwé ABD ti Yorùbá, mo kọ́ gbogbo rẹ̀ fúnra mi, lẹ́yìn náà mo lo kátíkísìmù. Ẹ mọ ohun tí mo ń wá? Mo ń wá ohun tí Felísì rí nínú ìwé tó fi gbọ́n jù mí lọ. Nígbà tí mo ti lè kà á tán, mo bẹ akọ̀wé kan kó sọ èdè òyìnbó tó wà nínú ìwé ìròyìn tí mo fi ń nu abẹ di èdè wa fún mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì kà á. Ọ̀tá níta, ọ̀tá nílé, kí olúkúlùkù la ojú rẹ̀. Ohun tí rádíò ń sọ náà ni! Kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Felísì kò rí ọgbọ́n rẹ̀ nínú ìwé. Ó kàn máa ń bèèrè ni, bí ìdáhùn bá sì já a nírọ́, á fi ara mọ́ ọn. Èmi náà ì bá ti lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọ ìwé rárá.

Mo lọ ní ọdún kẹta. Oníṣègùn jáde wá pàdé mi pẹ̀lú ayọ̀, ó ní, “A fẹ́ ránṣẹ́ sí ọ! Ara rẹ̀ ti yá. Lóṣù tó kọjá ó ní Ìyá Kétu ni, a kò tilẹ̀ nà án kó tó sọ ọ́.” Mo yọ irin, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde kúrò nínú ihò. Ó ti gbẹ bí igi ìdáná. Lójú ọ̀nà, mo ní: “Felísì, òtítọ́ lo sọ. Délégé ti kọ́lé sínú ọgbà náà.” Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n.” Mo ní, “Kì í ṣe Ìyá Kétu ló pa wọ́n.” Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n.” Mo ní, “Àbí òun ni?” Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ náà ni, ẹ̀gbọ́n.”

Bó ṣe wà títí di òní nìyẹn. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un, bẹ́ẹ̀ ni. Délégé ní kí ó máa kọ ìwé ìpàdé, ó ń kọ ọ́. Nígbà tí Ìyípadà dópin, tí àwọn kan náà tó ń pàtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, Felísì ní bẹ́ẹ̀ ni fún àwọn náà. Àdúgbò ń yìn ín pé orí rẹ̀ ti pé, pé èmi ni ẹ̀gbọ́n rere. Mo gbọ́ tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń jiyàn pé ẹni tó ń fura sí ìjọba, pé nǹkan kan wà lábẹ́ aṣọ, ṣé aláìsàn ọpọlọ ni àbí ọlọ́gbọ́n. Iyàn òmùgọ̀ ni. Ẹ má wo ohun tí ẹni náà gbà gbọ́. Ẹ wò ó bóyá ó lè mu omi kànga fún oṣù kan, kí ó sì padà wá sọ pé, “Mo ṣìnà.” Bí ó bá lè ṣe é, ẹ fi í sílẹ̀, ara rẹ̀ le ju ti yín lọ. Bí kò bá lè ṣe é, ì báà jẹ́ Délégé, ì báà jẹ́ Múmúnì, ì báà jẹ́ èmi, ẹ máa ṣọ́ ẹsẹ̀ yín.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ sí ilé rẹ̀. Mo jókòó níwájú rẹ̀, mo sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí kí n tó kọ ọ́ síbí. Mo ní: “Felísì, kì í ṣe nítorí ẹ̀wọ̀n ni mo fi mú ọ lọ. Ẹ̀rín tí o fi mí rín ló dùn mí. Mo mọ̀ pé orí rẹ pé, mo sì fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.” Ó wò mí tàánútàánú, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n,” ó sì bi mí bóyá mo ti jẹun. N kò mọ̀ bóyá ó gbọ́ mi, bóyá ó ti dárí jì mí, bóyá ó bú mi. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni mo lè sọ fún àbúrò mi, irọ́ ńlá wo ni mo lè pa níwájú rẹ̀, tí yóò fi wò mí lójú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n tó kú, kí ó sì sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, irọ́ lẹ pa”?